Ìlànà òwúrọ̀ fún ẹni tí ó ń dá gbé, tí àtinúdá rẹ̀ ti gbẹ: ta ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀?

Ìbéèrè láti Sábẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé mi wá sí Sábẹ̀, níbi tí mo ti ń dá gbé nínú yàrá kan. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu, nítorí náà ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹni tí ń ta búrẹ́dì fún mi. Kí n tó kúrò nílé, mo máa ń kọ ìtàn àti eré kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò sí ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn mọ́. Mo ti ka oríṣiríṣi ìmọ̀ràn: jí ní agogo 4:30, fi omi tútù wẹ̀, gbàdúrà, ṣe eré ìdárayá, kọ ojú ìwé mẹ́ta, má fọwọ́ kan fóònù. Mo ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì tú ká mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ìlànà òwúrọ̀ lè jí àtinúdá ẹni tí ó ń dá gbé lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ àwọn tí ènìyàn kún ilé wọn ni?

* * *

Àbúrò mi, ó lè jí i. Ṣùgbọ́n tún wo àwọn nǹkan tí o kà sílẹ̀ yẹn dáadáa. Jíjí, omi tútù, àdúrà, eré ìdárayá, ojú ìwé mẹ́ta, fóònù tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé èyí ni ó fà á tí ó fi tú ká. Kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ, ẹ̀bùn rẹ kò sì tán.

Ènìyàn ló yí púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbani ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ká, wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wọ́n ni wọ́n sì ń wá. Toni Morrison, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 1993, ṣàlàyé pé ìdí tí òun fi di ẹni tí ń kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni pé òun ní àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, òun sì ní láti lo àkókò náà kí wọ́n tó jí, kí wọ́n tó máa pe ìyá wọn. Ògiri ni ìlànà tirẹ̀, ó mọ ọ́n sáàárín ara rẹ̀ àti ariwo ilé. Ariwo ilé kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá mọ irú ògiri kan náà yí yàrá tí ó ti pa rọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ ká, ìdákẹ́jẹ́ ni o ń bu lé ìdákẹ́jẹ́.

Rántí bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní agbolé yín ní Kétu. Kí o tó bọ́jú, o ti gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, o ti gbọ́ ohùn ẹni tí ń kiri ẹ̀kọ, o ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tí ó bi ọ́ bí o ṣe sùn, o sì ti ní láti wá èsì fún un. Ẹnìkan ti rọ́ àlá, ẹlòmíràn ti sọ pé irọ́ ni, ìyá kan ti bá wọn parí rẹ̀. Eré ni o ń kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni o sì fi ń kọ ọ́. Òun gan-an ni ó wọ́n ọ báyìí. Nítorí náà, ohun tí n óo tẹnu mọ́ jálẹ̀ gbogbo ìjíròrò yìí ni pé ìlànà òwúrọ̀ ẹni tí ó ń dá gbé gbọ́dọ̀ ní etí kan tí ń dúró dè é àti ohùn kan tí ń dá a lóhùn. Agogo tí ó fi jí kò ṣe pàtàkì tó èyí.

* * *

Láti ìgbà tí ìbéèrè àbúrò wa àti èsì mi ti jáde, èsì púpọ̀ ti wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹkàwé lórí agogo tí ó yẹ kí ènìyàn jí. Ọ̀pọ̀ ní agogo 4:30 tàbí 5 ni ó pọn dandan, nítorí pé ayé ń sùn nígbà náà. Ẹnìkan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì takò wọ́n pátápátá, ó ní ẹni tí ó dá wà kò nílò aago rárá, kí ó sùn nígbà tí oorun bá gbé e, kí ó jí nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, nítorí pé àtinúdá kò mọ aago.

N kò fara mọ́ èkíní, n kò sì fara mọ́ èkejì. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹni tí ó ní kí a pa aago tì ṣáájú, nítorí pé òun ni ó léwu jù fún ẹni tí ó dá wà. Ní ọdún 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Michel Siffre wọ inú ihò ilẹ̀ kan ní àwọn òkè Alps, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì láìsí aago, láìsí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó máa ń fi tẹlifóònù sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókè ilẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá jí àti nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ sọ agogo tí ó lù fún un. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé àkókò ti pé, tí í ṣe ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ohun tí ó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni wọ́n wà. Ọjọ́ 25 ti sọnù mọ́ ọn lọ́kàn. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ ṣì ń sùn, ó ṣì ń jí, ní ìwọ̀n tí kò fi púpọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Ara mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n ọkàn tí kò rí nǹkan kan tí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kò lè kà wọ́n mọ́. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ gbogbo jọra wọn bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìtàn kọ, nítorí pé ìtàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti yàtọ̀ sí ti àná.

Ó wá ku àwọn tí ó ní 4:30. Ohun tí ń tún aago inú ara, èyí tí ń sọ fún ara ìgbà tí ó yẹ kí ó sùn àti ìgbà tí ó yẹ kí ó jí, ṣe jù ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí ó wọlé sí ojú wa. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí pé wọ́n ṣàwárí bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ohun ẹlẹ́mìí. Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, nǹkan bí agogo 6:30 sí agogo 7 ni oòrùn máa ń yọ, bí oṣù bá ti rí. Ẹni tí ó jí ní 4:30, tí ó tan iná yàrá, tí ó jókòó ti tábìlì, yóò dúró fún ohun tí ó lé ní wákàtí méjì kí ara rẹ̀ tó gbà pé ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá ní ọmọ kéékèèké tàbí tí ó fẹ́ tètè dé ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, mo mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ tí o dá wà ní Sábẹ̀, kí ni o ń sá fún? Jí ní agogo kan náà lójoojúmọ́, àní lọ́jọ́ Àìkú pàápàá, kí ó sì súnmọ́ ìgbà tí ojúmọ́ ń mọ́, kí o lè ṣílẹ̀kùn, kí o sì jáde síta. Ìmọ́lẹ̀ ìta ju ti gílóòbù yàrá lọ ní ìlọ́po púpọ̀, kódà lásìkò ọyẹ́ tí kùrukùru bo gbogbo ojú ọ̀run.

* * *

Fún ọ̀gá tí ó bèèrè nípa àwọn tí ọpọlọ wọn kì í jí títí di ọ̀sán: òótọ́ ni pé a kò dọ́gba. Ẹni tí alẹ́ bá lára mu wà, ẹni tí òwúrọ̀ bá lára mu náà wà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òwúrọ̀ kò wúlò fún ẹni alẹ́. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Mareike Wieth àti Rose Zacks, fi ìbéèrè dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 400 wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ìbéèrè tí èsì wọn máa ń ṣàdédé yọ síni lọ́kàn rọrùn jù fún wọn ní àkókò tí kì í ṣe àkókò tí ọpọlọ wọn mú jù. Àlàyé wọn ni pé ọkàn tí kò tíì mú ṣáṣá kì í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gírígírí, nítorí náà èrò tí ó yàtọ̀ máa ń rí àyè wọlé. Ẹni alẹ́ lè fi òwúrọ̀ kó èrò jọ, kí ó sì fi alẹ́ ṣàtúnṣe wọn.

* * *

Ìyá kan tí ń rán aṣọ ní àdúgbò Catchi níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ ti bá mi jà, ó sì jà dáadáa. Ó ní òun kò nílò etí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù òun pa nítorí iṣẹ́ ojú ọ̀nà, tí òun kó ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí yàrá, tí gbogbo àrà tí òun fi ń dá ọrùn búbà sì gbàgbé òun, ohun tí ó gba òun là ni pé lójoojúmọ́, kí òun tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, òun máa ń fi àjákù aṣọ rán nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ jí, ó ní, ọkàn sì tẹ̀lé e.

Màmá, mo gba ìdajì èyí tọkàntọkàn, mo sì fẹ́ kí àbúrò wa ní Sábẹ̀ fi ọwọ́ mú un. Kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ọkàn tó ní ohun tí yóò sọ, ó dára ju kí ènìyàn jókòó kí ó máa retí èrò lọ. Kí ohun tí a kọ́kọ́ ṣe jẹ́ ohun tí kò ní olówó, tí kò ní ọ̀gá, tí ìbàjẹ́ rẹ̀ kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, ọgbọ́n ńlá ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún èsì yín kà. Ẹ sọ níbẹ̀ pé àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àjákù wọ̀nyẹn tí ẹ gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ń wọlé tọ̀ yín wá, wọ́n ń fọwọ́ kàn án, wọ́n ń béèrè pé, "Ta ni ó ni èyí?" Etí àti ojú ti wà nínú òwúrọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Ẹni tí kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò ohun tí ẹ̀yin rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ agbẹ́gilére láti Kétu jọ ti Màmá, ṣùgbọ́n ó lọ síwájú sí i. Ó ní iṣẹ́ ọnà gidi kò fẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé ẹni tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń dá wà pẹ̀lú igi ni, àti pé àwọn tí ń wá ẹni tí yóò gbọ́ wọn láràárọ̀ ń wá ìyìn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ mọ igi, n kò ní bá yín jiyàn lórí igi. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ ni ó gbè mí lẹ́yìn jù. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ohun ìní àjogúnbá ọmọnìyàn ní ọdún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, kì í ṣe ère orí nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Orin, ìlù, ijó àti ewì wà nínú rẹ̀. Ère tí ẹ dá gbẹ́ ní ẹni tí yóò gbé e sórí, ó ní onílù tí ẹsẹ̀ oníjó yóò dá lóhùn, ó sì ní àwọn ìyá tí a ń ṣe é fún. Kí ẹ tó bó èèpo igi, ẹ ti mọ ẹni tí ń dúró dè é. Ẹ wo akọrin Ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ń kọrin ní alẹ́ tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́: bó ti wù kí orin rẹ̀ mú tó, àwọn tí ń gbè é ní láti ti mọ orin náà kí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tó pé, nítorí pé lílé tí kò ní ègbè kì í pẹ́ já lẹ́nu akọrin. Àbúrò wa tí ó wà ní Sábẹ̀ ń lé orin, kò sì sí ẹni tí ń gbè é. Kò wá ìyìn. Ìyìn àti ègbè kì í ṣe ohun kan náà: ègbè lè rẹ̀yìn, ó lè ṣì í, ó lè mú kí akọrin yí ohùn padà, àní ó lè béèrè pé kí ni ìtumọ̀ èyí tí o dá yìí.

* * *

Ọ̀pọ̀ èsì ni ó ní kí a fi àdúrà ṣe gbogbo rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún èyí, mo sì ń gbàdúrà. Síbẹ̀, ó ń dùn mí nígbà tí a bá ń sọ àdúrà di irinṣẹ́ fún wíwá ìtàn kọ. Ẹ jẹ́ kí àdúrà dúró ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fún Mùsùlùmí tí ó dá wà, mo ní ọ̀rọ̀ kan: bí ara bá gbé e, kí ó kí àsùbá nínú mọ́sáláṣí dípò inú yàrá. Bí ó ti ń jáde síta, tí ó ń tẹ̀lé àwọn mìíràn, tí ó ń kí wọn, tí wọ́n sì ń kí i, ó ti fi ohùn ènìyàn sínú òwúrọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ìsìn òwúrọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kristẹni.

* * *

Fóònù. Ibí yìí ni àwọn èsì ti gbóná jù, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Èmi rò pé a ti pa ohun méjì tí kò jọra pọ̀. Bí o bá jí tí o ṣí i, tí ìròyìn, fídíò àti ìjà àwọn tí o kò mọ̀ rí wọlé, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti gba ẹnu rẹ kí o tó sọ tìrẹ, o sì lè fi wákàtí kan ṣòfò láìmọ̀. Lórí ìyẹn, àwọn tí ó ní kí a pa á tì wí òótọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó dá gbé ní ìlú tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kan náà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ní láti gbọ́ "Ṣé o jí dáadáa?" láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí a gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹnìkan ní Amẹ́ríkà tí ilé rẹ̀ kún ní kí a má ṣe fọwọ́ kan fóònù, ìkà ni.

Ohun tí ó ṣeé ṣe ni èyí: pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí o tó sùn. Bí o bá jí, pè tààrà, kí ohùn bá ohùn sọ̀rọ̀. Bí owó ìpè bá wọ́n, bípè ẹni náà (jẹ́ kí fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, kí o sì pa á kí ó tó gbé e), kí òun náà bípè padà. Àmì pé mo ti jí, ìwọ náà ti jí, ti tó fún àwọn ọjọ́ tí ọwọ́ kò gbé e. Lẹ́yìn ìpè, gbé ẹ̀rọ náà sí ibi tí o ní láti dìde kí o tó dé.

* * *

Ẹnìkan bi mí pé ṣé mo ti dá wà rí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ewì ni mo ń kọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ fún rédíò. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba fi ààlà àìsàn kòrónà yí àwọn ìlú kan ká, Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀, Kétu sì wà lóde. Títí di oṣù karùn-ún, ẹni tí ó wà nínú ààlà náà kò lè ṣàdédé gba ọ̀nà Pobè lọ sí Kétu. Ẹnu ibodè Nàìjíríà tí ó wà ní Igolo ti wà ní títì láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn tí a jọ ń ké ewì ní ìhà kejì kò sì lè wá. Mo dá wà nínú ilé, mo ní gbogbo àkókò tí mo ti ń fi ọdún púpọ̀ tọrọ, ẹsẹ ewì kan kò sì jáde.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní Kétu ni ó dá a lábàá. Ó ní láràárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa, kí ẹnìkan lé, kí ẹnìkejì gbè é, kí ó sì fi ìlà kan kún un, láìṣe àtúnṣe, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìlà náà kò ní adùn, ọ̀rọ̀ nípa gaàrí àti ìbòmú ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ní alẹ́ mo ti ń ronú ohun tí n óo lé lọ́la, nítorí pé mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò gbè é. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ kò sí nínú àwọn ìmọ̀ràn tí a ń kà: alẹ́ ni ìlànà òwúrọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tí ń mú kí ó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ bí kò ṣe pé ẹnìkan ń retí rẹ lọ́la.

Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà jù nígbà tí a bá ń yin ìjí-kùtùkùtù, nítorí pé ó máa ń wà nídìí tábìlì ní agogo 5:30 òwúrọ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó ní ìránṣẹ́ àgbà kan tí ń jí i, tí ń gbé kọfí fún un, tí Trollope sì ń fún ní pọ́ùn 5 lé lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí iṣẹ́ náà. Trollope fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí ni òun jẹ ní gbèsè ju ẹnikẹ́ni lọ fún àṣeyọrí òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìgboyà ọkàn nìkan ni ó gbé e dìde, ẹ fi ìránṣẹ́ náà kún un.

* * *

Lórí ìrìn: bẹ́ẹ̀ ni, rìn. Ní ọdún 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ní Yunifásítì Stanford fi hàn pé ènìyàn ń mú èrò tuntun jáde nígbà tí ó bá ń rìn ju ìgbà tí ó jókòó lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kódà nígbà tí ó ń rìn lórí ẹ̀rọ tí ó kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n fún ìbéèrè tí ó ní èsì kan ṣoṣo, ìrìn kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, rìn kí o lè rí èrò, jókòó kí o lè yan èyí tí ó dára nínú wọn. Ní Sábẹ̀, o ní àwọn òkè àpáta wọ̀nyẹn tí ojú kò lè fò dá. Rìn síhà ọ̀dọ̀ wọn, kí o sì gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé kí a pààrọ̀ ọ̀nà. Fún ẹni tí ó dá wà, ọ̀nà kan náà ni ó dára, nítorí pé ní ọ̀nà kan náà ni àwọn ènìyàn yóò ti mọ ojú rẹ, tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, tí wọn yóò sì béèrè ibi tí o wà lánàá.

* * *

"Bí mo bá fo ọjọ́ kan ńkọ́?" Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jáde ní ọdún 2010, tẹ̀lé ènìyàn 96 tí ń gbìyànjú láti sọ ìwà tuntun kan di bárakú. Ní ìwọ̀n àárín, ọjọ́ 66 ni ó gbà, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18 títí dé ọjọ́ 254, bí ènìyàn àti ìwà náà bá ti rí. Ẹni tí ó fo ọjọ́ kan kò pàdánù ohun tí ó ti kó jọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 tí a ń gbọ́ káàkiri kò bá èyí mu, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ti kùnà nígbà tí wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlànà òwúrọ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí oorun bá kọ̀ fún ọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ayé sì sú ọ, tọ dókítà lọ, kí o sì pe ẹbí rẹ. Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ àtinúdá lọ.

* * *

Àbúrò mi tún padà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ni kí n ṣe lọ́la gan-an? Ta ni kí n pè?"

Ní alẹ́ òní, kó kọ̀ǹpútà iṣẹ́ kúrò lórí tábìlì, kí o fi ìwé àti bírò síbẹ̀. Kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí orí ìwé náà, èyí tí ẹnìkan nínú eré rẹ ń bi ẹlòmíràn, kí o sì fi í sílẹ̀ láìdáhùn. Pa íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ṣílẹ̀kùn, jáde, kí àwọn tí ó wà nítòsí kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Pe ẹni tí o yàn, sọ ìbéèrè inú eré rẹ fún un, kí ó sì dáhùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n bi. Rìn dé ibi tí o lè dé, jẹ ẹ̀kọ rẹ tàbí búrẹ́dì rẹ, kí o wá jókòó, kí o sì fi ohùn ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìdajì ojú ìwé ti tó. Ojú ìwé mẹ́ta lójoojúmọ́ dára fún ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ́kàn, àmọ́ ó máa ń mú ìtìjú bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí o tan kọ̀ǹpútà iṣẹ́.

Ní ti ẹni tí o máa pè, má ṣe pe ẹni tí ó mọ̀wé jù nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, nítorí pé àtúnṣe ni yóò máa ṣe. Má ṣe pe ẹni tí yóò yìn ọ́ fún gbogbo nǹkan. Pe ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, tí ó ń jí ní àkókò kan náà, tí òun náà sì lè jẹ àǹfààní nínú rẹ̀. Nínú èsì rẹ kejì, o mẹ́nu ba ìyá ìyá rẹ tí ó wà ní Kétu, tí ó máa ń ṣe ìyá àgbà nínú gbogbo eré rẹ láìmọ̀. Òun ni n óo kọ́kọ́ pè bí mo bá jẹ́ ìwọ. Bí ó bá béèrè ohun tí o fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe, sọ òtítọ́ fún un. Bí ó bá sì ní òun kò ní àkókò láàárọ̀ nítorí ọjà, béèrè agogo tí ó bá a lára mu, kí o sì sún òwúrọ̀ tìrẹ sí i.